Ẹ Yéé Pe Ẹni Tó Ju Éèsì Méjì Sílẹ̀ Ní Ojo

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó fi Ìlú Bìní ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ lọ́fun wa, a kàn ń gbé e mì ni. Ṣùgbọ́n èébú ti wá pọ̀ jù lójú ewé yìí, a ò lè dákẹ́ mọ́.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin méjì láàárín wa, àwọn tó ti lé ní ogún ọdún dáadáa, ń ta pókà lórí fóònù. Àwọn kan nínú wa dáwó jọ, wọ́n fi rà wọ́n wọ ìdíje tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì. Ọ̀kan nínú wọn dé ibi tó ku ẹyọ èèyàn kan tó máa jábọ́ kí wọ́n pín èrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín éèsì méjì fún un, káàdì tó dára jù lọ tí èèyàn lè kọ́kọ́ rí gbà. Ẹlòmíràn ti kó gbogbo ohun tó ní lé e níwájú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó ro ó, ó ju éèsì méjèèjì sílẹ̀. Ó gba ìjókòó rẹ̀. Ẹnì kejì dé irú ibẹ̀ gan-an nínú ìdíje mìíràn, ó rí kíǹgì méjì, ó ní òun ò lè gbà, ó fi gbogbo tirẹ̀ dáhùn. Ó jábọ́. Kò gba kọ́bọ̀.

Èwo la wá ń yìn nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó gba ìjókòó là ń bú. "Ojo ni." "Kò lọ́kàn." "Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí éèsì méjì táá jù ú nù?" Ẹni tó jábọ́, òun là ń pè ní akin. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ síbí pé òun ò ní dáwó fún ojo mọ́ láéláé. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú nǹkan bọ̀ wálé? Ọdẹ tó gbé ẹran dé là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó sọ ìbọn nù sígbó là ń kí kú oríire. Irú kí ni yẹn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí.

Ìdíje pókà tó wọ́pọ̀, bí èèyàn bá ṣe ṣe dáadáa sí ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ sí. Ní Las Vegas lọ́dún 2003, ẹni tó ṣe ipò kìíní nínú ìdíje ńlá àgbáyé gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là, ẹni tó ṣe ipò kejì gba mílíọ̀nù 1.3. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀ dáadáa. Irú ibẹ̀, ó yẹ kí èèyàn máa wá bí yóò ṣe kó ti gbogbo ayé.

Sátẹ́láìtì ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó ni wọ́n ń pín níbẹ̀, ìyẹn àyè láti wọ ìdíje mìíràn tó tóbi jù ú lọ, tí owó ìwọlé rẹ̀ wọ́n. Tí ìjókòó márùn-ún bá wà, èèyàn márùn-ún tó bá kù gbẹ̀yìn á gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ẹni tó ní ṣíìpù rẹpẹtẹ níwájú àti ẹni tó ku ṣíìpù kan ṣoṣo, ohun kan náà ni wọ́n gbà. Ẹ lọ wo bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ní gáréèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà, àti ẹni tó sáré dé nígbà tó ku àyè kan lẹ́yìn, ṣebí ìgbà kan náà ni wọ́n máa dé Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni ò ní fún ti àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn méjì.

Ibi tó bá ti ku ẹnìkan tó gbọ́dọ̀ jábọ́ kí àwọn tó kù tó gba ìjókòó, àwọn òyìnbó ń pe ibẹ̀ ní bubble, bí ìfòfó ọṣẹ tó máa bẹ́ lójijì. Àwa á máa pè é ní ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn àti ẹni tó ṣubú láti òwúrọ̀, ọwọ́ òfo kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ká ní èèyàn 50 san ₦20,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn. Ká fi èyí tí onílé máa ń yọ sápò sílẹ̀ ná. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦200,000, nítorí náà ìjókòó márùn-ún ló wà. Wọ́n fún kálukú ní ṣíìpù 10,000, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 500,000. Wọ́n ti ta á títí, ó ku èèyàn mẹ́fà. Owó orí tábìlì wà, ìyẹn èyí tó di dandan kí èèyàn méjì san kí wọ́n tó pín káàdì: ti kékeré jẹ́ 10,000, ti ńlá jẹ́ 20,000. Ó ń yí po tábìlì, kò sẹ́ni tó lè sá fún un.

Ẹni kìíní ní 150,000. Ẹni kejì ní 120,000. Ẹni kẹta ní 95,000, ẹni kẹrin 70,000. Ìwọ ní 60,000. Ẹni kẹfà ku 5,000 péré, òun ló sì kàn láti san owó orí ńlá ní kété tí wọ́n bá tún káàdì pín. Tìẹ ṣì jìnnà.

Oní-150,000 kó gbogbo tirẹ̀ lé e. O yọjú wo ọwọ́ rẹ, éèsì méjì!

Éèsì méjì máa ń borí káàdì èyíkéyìí tó bá kò lójú nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Tó bá jẹ́ kíǹgì méjì ló wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, nǹkan bí 82. Ó dára gan-an, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tó o bá dáhùn, nǹkan bí ìgbà 15 nínú 100 ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ ti ara rẹ síta. Kí lo máa wá jẹ nínú 85 tó kù? Ṣíìpù rẹ á lé ní ìlọ́po méjì. Ìjókòó mélòó? Ọ̀kan. Ọ̀kan náà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ lọ́wọ́ kó o tó wo káàdì rárá.

Tó o bá jù ú sílẹ̀ ńkọ́? Oní-5,000 máa kó gbogbo tirẹ̀ sínú owó orí, kò ní yàn án, wọ́n á fi agbára mú un. Àwọn yòókù á ṣù bò ó. Bí Ọlọ́run bá tiẹ̀ bá a ṣe é, tí gbogbo tábìlì dáhùn, ohun tó máa rí kó ò lè ju 30,000 lọ, owó orí kékeré tún ń dúró dè é lẹ́yìn ìyẹn. A ò ní parọ́ pé ìjókòó rẹ dájú bí ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ju 85 lọ dáadáa, ó sì wọ́pọ̀ kó ju 90 lọ. Ẹ sọ fún wa, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà: ta ló máa fi èrè 90 tó ti wà nílẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ 85, kí wọ́n ṣáà lè sọ pé ó láyà?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí pápá Ogbemudia lọ wo Insurance. Nínú líìgì tó ní kíláàbù ogún, mẹ́rin ló máa ń já wálẹ̀. Ká ní ọjọ́ ìkẹyìn nìyẹn, ọ̀mì ni Insurance nílò kí wọ́n má baà já, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀mì ni wọ́n sì wà. Ṣé a máa dìde ká máa pariwo pé kí gólí fi ilé sílẹ̀ kó lọ wá góòlù níwájú? Ẹni tó bá pariwo bẹ́ẹ̀, àwọn ará Bìní tó jókòó tì í á bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Àmọ́ ohun tí a fẹ́ kí ọmọ yẹn ṣe gan-an nìyẹn.

Nínú àṣà tiwa náà, ẹ lọ sídìí ayò. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ihò méjìlá. Ọ̀ta kì í rí ihò tó kún kó kàn gbé e nítorí pé ó kún. Ó máa kà á délẹ̀, ó máa wo ibi tó máa parí sí, ó lè fi í sílẹ̀ kó ta ọmọ kan ṣoṣo. Ọ̀pẹ ló ń fi ariwo gbé ọmọ. Àwọn tó jókòó yí wọn ká á máa pàtẹ́wọ́ fún ọ̀pẹ, ọ̀ta á sì máa kó ọmọ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Àwọn baba wa ò sì pe ọ̀ta ní ojo rí.

Wọ́n ní bọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹni tó ku 60,000 láàárín àwọn tó ní 150,000, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tẹ èèkù idà. Kó jẹ́ kó dé ìdíje ńlá ná.

Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lábọ̀. A ò sọ pé kí ẹni tí ṣíìpù rẹ̀ kéré máa ká ọwọ́ gbera títí. Àwọn kan ti di irú ìyẹn náà, wọ́n á jókòó bí ẹni ń retí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á máa ju káàdì sílẹ̀ títí owó orí á fi jẹ wọ́n tán. Ẹ ò rí oníṣọ́ọ̀bù tí owó ọjà rẹ̀ ti gbẹ, tí owó ṣọ́ọ̀bù ku oṣù méjì, tó jókòó ń retí oníbàárà títí tó fi jẹ ìdí owó náà? Sùúrù kọ́ nìyẹn, oorun ni.

Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ta ló kéré jù lórí tábìlì, ta sì ni owó orí máa kàn ṣáájú? Tí ẹnìkan bá wà tó kéré jù ọ́ lọ, tí owó orí sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú tìẹ, dúró. Jẹ́ kó ṣubú. Tó bá jẹ́ ìwọ gan-an lo kéré jù, tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣubú fún ọ, nígbà náà dìde, kí o sì dìde ní kùtùkùtù.

Kí ló fà á tí a fi ní kùtùkùtù? Ká ní o ṣì ní 60,000. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ kó o lé e, ẹni tó ti san owó orí ńlá gbọ́dọ̀ fi 40,000 kún un kó tó lè bá ọ jà. Tí tirẹ̀ bá jẹ́ 90,000, tó sì pàdánù, ó máa ku 30,000, òun ló máa wá kéré jù. Ẹ̀rù á bà á. Á ju káàdì tó dára pàápàá sílẹ̀, ìwọ á sì kó 30,000 owó orí láìjà. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dúró títí tó fi ku 20,000, ẹni yẹn ò ní fi kọ́bọ̀ kún nǹkan kan mọ́. Kí ló máa bẹ̀rù? Á fi káàdì yòówù dáhùn. Agbára rẹ ti tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ kó o lé e ní ọ̀nà méjì: kí wọ́n sá fún un, tàbí kí káàdì rẹ̀ borí. Ẹni tó dáhùn ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọmọ tó jábọ́ pẹ̀lú kíǹgì méjì, ìdáhùn ló fi kú. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ìgboyà ò sí nínú rẹ̀.

Kí o sì mọ ẹni tí o ń dẹ́rù bà. Ẹni tó ní díẹ̀ láti pàdánù ló ń sá. Ẹni tó kó òkìtì jọ lè san tìẹ láìmọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ti ń kú lọ kò ní nǹkan kan tó máa ṣọ́. Àárín ni kí o dojú kọ.

Àwọn kan nínú wa wá fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí i. Wọ́n ní tí ọmọ yẹn bá gbàdúrà ni, á mọ̀ pé Ọlọ́run ló fún òun ní éèsì méjì, kò sì yẹ kó kọ ẹ̀bùn. Ẹ forí jì wá, ọ̀rọ̀ yìí ò bára mu. Ta ló sọ fún yín pé éèsì ni ẹ̀bùn? Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ làákàyè tó fi jù ú sílẹ̀ ni ẹ̀bùn náà? Ọlọ́run tó fún wa ní ojú ò ní kí a dì í tí a bá fẹ́ sọdá Ring Road.

Àwọn mìíràn ń fi Chris Moneymaker halẹ̀ mọ́ wa. Wọ́n ní akáǹtáǹtì ará Amẹ́ríkà yẹn kó gbogbo rẹ̀ lé e, ó sì di olówó. Òótọ́ ni pé ọkùnrin náà láyà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ìwọlé ìdíje ńlá ọdún 2003 yẹn jẹ́ 10,000 dọ́là. Kò san án. Sátẹ́láìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló gbà wọlé, owó tó fi wọ ìyẹn ò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ó kọ́kọ́ gba ìjókòó ná kó tó lọ bá èèyàn 838 yòókù jà ní Las Vegas, níbi tí ipò kìíní ti yàtọ̀ sí ipò kejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èèyàn 2,576 ló wọ ìdíje náà, Greg Raymer ló gba mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, òun náà gba sátẹ́láìtì wọlé ni. Kò sí èyí tó gba ìjókòó méjì nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Moneymaker bú ọmọ yìí, ẹnu ilẹ̀kùn tí Moneymaker gbà kọjá ni ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Ó wá ku àwọn àgbà tó ní tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́, kí ló kàn wá. Àwọn wọ̀nyí la bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ ní ìdí. A ti rí kàlòkàlò. A ti rí Baba Ìjẹ̀bú. A mọ àwọn tó ń ti ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù jáde lálẹ́ láìní owó ọkọ̀. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn, márùn-ún ló gba ìjókòó, 45 padà sílé lófo, onílé sì gba tirẹ̀ lára gbogbo wọn. Kò sí bí èèyàn ṣe gbọ́n tó tó lè sọ 45 di 5. Láti ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà, tí wọ́n sì fagi lé òfin lọ́tìrì ọdún 2005, kálukú ìpínlẹ̀ ló ń wo tirẹ̀. Ìjọba ò ní wá bá wa ṣọ́ àpò wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà wa, àwọn ọmọ wọ̀nyí ti tọ́jọ́ orí, wọ́n ti ń ta á, àwọn kan nínú wa ló sì ń dáwó fún wọn. Tí a bá ní kò kàn wá, àwọn tó ń pariwo ni yóò máa kọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé kí ọkùnrin fi gbogbo ohun tó ní lé ohun kan ṣoṣo kí wọ́n lè yìn ín. Ẹ̀kọ́ yẹn ò ní dúró sídìí káàdì. Lọ́la, owó ọjà ìyá rẹ̀ ni yóò kó lé e. Lọ́tùn-únla, ó lè jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ tí àwa tó ń gbé Bìní mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó ń dùn wá nìyí, kì í ṣe káàdì.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ rèé:

Kí àwọn tó bú ọmọ tó gba ìjókòó wá síbi tí wọ́n ti bú u, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Kí ẹni tó bá fẹ́ dáwó fún ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: iye tó dá, ohun tó máa kàn án, àti pé ẹni tó jókòó sídìí káàdì ló máa pinnu. Tó o bá ti dáwó tán, gbẹ́nu dákẹ́. Ìjókòó sì kọ́ ni owó. Lọ́pọ̀ ibi, èèyàn ò lè tà á, kò lè fi fún ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ òkè òkun ni, físà àti owó bàálù wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó dáwó.

Kí owó àjọ, owó ọjà àti owó ilé ìwé má wọ inú ẹ̀ rárá. Owó tó bá jẹ́ pé bó bá lọ, a ò ní sunkún, ìyẹn nìkan. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18, kí ẹnikẹ́ni má fà á wọ̀ ọ́.

Ọmọ tó jábọ́ náà, ẹ má yìn ín, ẹ má bú u. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a ṣírò ó. Ọmọ wa lòun náà.

Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò wa, kó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, a máa kà á. Ẹni tó bá jẹ́ èébú ló ní, kó gbé e padà sápò. Àwa ti sọ tiwa.